Òòbẹ̀ inú àjà ṣọ́ọ̀ṣì, àti ohun tí ojú wa ti rí nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Ọ̀rọ̀ òní gùn. Ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á, kódà bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gé e.

Ní ìṣọ́ òru tó kọjá, ìgbà tí àdúrà ti wọra dáadáa, òòbẹ̀ méjì já bọ́ láti inú àjà, wọ́n ń fò yí orí pẹpẹ ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ bó ṣe rí. Àwọn kan ń kígbe Jésù, àwọn kan ní àjẹ́ ti wọlé, àwọn ọ̀dọ́ ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọ́n ń lé e kiri. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ lásán gbá èyí tó bà sára ògiri mú, ó na apá rẹ̀, ó ń fi han àwọn ọmọdé. Òòbẹ̀ gé e níka jẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka sẹ́nu, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, àdúrà sì ń bá a lọ.

Ìgbà tílẹ̀ mọ́, àwọn arákùnrin ní àwọn fẹ́ gun òkè àjà lọ, kí àwọn fi ìgbálẹ̀ àti èéfín lé gbogbo wọn jáde. A ní kí wọ́n dúró ná. Ọ̀dọ́kùnrin tí òòbẹ̀ gé jẹ ńkọ́? Àwa fúnra wa la wà á lọ sí ọsibítù kó lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Inú àwọn kan ò dùn sí i. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè pé ṣé òòbẹ̀ ni pásítọ̀ ń bẹ̀rù, lẹ́yìn gbogbo iná tá a ti pè lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò burú. Ìtàn tó mú wa ṣe bẹ́ẹ̀ rèé, ibẹ̀ sì wà tí ìtàn náà ti máa dójú tì wá.

Ẹ ṣí Léfítíkù orí 11, ẹsẹ 19. Mósè ka àdán mọ́ àwọn ẹyẹ tí ọmọ Ísírẹ́lì kò gbọ́dọ̀ jẹ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á ní àdán kì í ṣe ẹyẹ, torí pé ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn baba wa náà ti rí i, ṣebí àwọn ló ní àdán ò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Àdán ni èyí ńlá tó ń jẹ èso, tó ń so rọ̀ lórí igi. Òòbẹ̀ ni kékeré tó ń jẹ kòkòrò, tó fẹ́ràn àjà ilé àti ihò igi. Ẹni tó bá ti dé ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́ ti rí bí àdán ṣe ń bo ojú ọ̀run. Ẹ má sì rò pé ẹran burúkú ni. Àdán ló ń jẹ èso ìrókò, tó ń gbé kóró rẹ̀ lọ sọ sílẹ̀ níbi jínjìn. Bí ẹ bá rí ìrókò tó hù níbi tẹ́nì kankan ò gbìn ín sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ àdán.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń gbé kiri. Ní ọdún 1956, àwọn oníṣègùn rí kòkòrò àrùn kan nínú ọpọlọ àdán l'Ékòó. Ìbátan dìgbòlugi ajá ni. Wọ́n fi ìlú náà sọ ọ́, Lagos bat virus, orúkọ yẹn ló sì ń jẹ́ káàkiri ayé dòní. Ní 1968, wọ́n tún rí ìbátan rẹ̀ mìíràn lára asín n'Íbàdàn, wọ́n pè é ní Mokola virus, Mọ́kọ́lá tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn gan-an. Wọ́n ti rí ti Mọ́kọ́lá lára èèyàn ní Nàìjíríà níbí. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó wà ní ọsibítù dára fún dìgbòlugi gidi, kò fi bẹ́ẹ̀ ká àwọn ìbátan méjèèjì yìí. Ìdí rèé tí ìka ọ̀dọ́kùnrin wa kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú wa. Bí ẹran kan bá gé yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ ẹ tó gba ọsibítù lọ. Kì í ṣe kẹ́ ẹ fi sẹ́nu.

Àdán máa ń gbé irú àwọn kòkòrò àrùn yìí kiri láìsí pé ara rẹ̀ ń ro ó. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwa àti òun bá ń jẹun nínú àwo kan náà. Ní Malaysia, láàárín 1998 sí 1999, wọ́n gbin máńgòrò sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Àdán wá jẹ máńgòrò, èyí tó jẹ kù bọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ń wú ikọ́, àwọn tó ń tọ́jú wọn náà ṣàìsàn. Àrùn Nipah nìyẹn. Èèyàn tó lé ní 100 kú, wọ́n sì pa ẹlẹ́dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan kí ó tó dúró.

Tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá burú ju ìyẹn lọ. Oṣù kejìlá ọdún 2013 ni ọmọ kékeré kan, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, ṣàìsàn ní abúlé Meliandou, ní Guinea. Igi kan wà nítòsí ilé wọn tí inú rẹ̀ ṣófo, àwọn ọmọdé máa ń ṣeré níbẹ̀. Àwọn tó lọ wádìí ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ náà ti kó Ebola. Òòbẹ̀ ló kún inú igi yẹn. Òòbẹ̀ ni o, kì í ṣe àdán ńlá, irú èyí tó wà ní àjà wa yìí. Láti abúlé kan ṣoṣo yẹn, ó dé Liberia àti Sierra Leone, èèyàn tó lé ní 28,000 ló kó o, àwọn tó kú lé ní 11,000. Ní 2018, wọ́n tún rí ẹ̀yà Ebola mìíràn lára òòbẹ̀ tó ń gbé inú ilé àwọn èèyàn ní Sierra Leone. Èyí kò tíì pa ẹnì kankan tá a gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ìgbà tí Ebola dé Nàìjíríà, ọkọ̀ òfurufú ló bá wá. Ọjọ́ 20, oṣù keje, 2014, Patrick Sawyer bọ́ sílẹ̀ l'Ékòó láti Liberia, ó ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, wọ́n bá gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Ọ̀báléńdé. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ló ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Ebola. Ìlú Calabar ni ọkùnrin náà ń lọ fún ìpàdé, àwọn ènìyàn ńlá sì fúngun mọ́ dókítà yìí pé kó jẹ́ kó máa lọ. Ó ní rárá. Sawyer kú ní ọjọ́ 25. Dókítà Adadevoh náà kó o, ó sì kú ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ jẹ́ ká sọ èyí fún yín. Ọmọ ìran Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni obìnrin náà. Crowther tó bá àwọn míṣọ́nnárì wọ Abẹ́òkúta ní 1846, tó rí ìyá rẹ̀ níbí lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n, tó ṣe Bíbélì tá à ń kà sí Yorùbá. Ọmọ ìran rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù yẹn.

Èèyàn 20 ló kó Ebola ní Nàìjíríà, 8 kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tó ti fara kàn wọ́n jáde, wọ́n sún mọ́ 900, wọ́n ń lọ kí wọn nílé lójoojúmọ́. Ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, àjọ WHO kéde pé ó ti tán ní Nàìjíríà.

Kí ni àwa ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, fóònù ń dún káàkiri pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, pé Ebola kò ní mú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ yín gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ balùwẹ̀ ní aago mẹ́ta òru. A wẹ̀, a mu, a sì tún pe àwọn olórí ẹ̀ka kí àwọn náà jí àwọn èèyàn wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì la gbọ́ nínú ìròyìn pé iyọ̀ ti pa àwọn kan. Títí dòní, a kò tíì dúró lórí pẹpẹ kí á sọ pé a ṣì í. Orógbó náà di wúrà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n èyí kò pa ẹnì kankan, àpò ló gbẹ.

Èyí tó ń dùn wá jù kì í ṣe ti iyọ̀. Ìyá kan wà nínú ìjọ wa nígbà náà tó ń ta ẹran ìgbẹ́ yíyan lójú ọ̀nà Ìbàdàn, lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀. Òyà, òkété, ẹtu, ìgalà, ohun tí àwọn ọdẹ bá gbé wá. Ìyá Ọlọ́yà la máa ń pè é, ó sì máa ń dáhùn tayọ̀tayọ̀. Bí ìkórè bá ti dé, òyà ńlá kan ni tirẹ̀ fún ilé pásítọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹjọ 2014, a ṣí Léfítíkù 11 yìí kan náà, a ń wàásù lórí ẹran àìmọ́. A ní àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ń ta ikú. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ọrùn ló yí sí ibi tó jókòó. Ó jókòó títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò padà wá mọ́, a kò sì rán ẹnikẹ́ni sí i.

Ẹ wò ó, nínú èèyàn 20 yẹn, kò sí ẹyọ kan tó kó Ebola lára ẹran. Ọ̀dọ̀ èèyàn ni gbogbo wọn ti kó o, látọ̀dọ̀ Sawyer wá. Òótọ́ ni pé ewu wà fún ẹni tó bá ń kun ọ̀bọ, ìnàkí tàbí àdán, tí ẹ̀jẹ̀ tútù ń kan egbò ọwọ́ rẹ̀, ewu sì wà nínú ẹran téèyàn bá bá ní òkú nínú igbó tó gbé e wálé. Ohun tó yẹ ká sọ fún ìyá yẹn nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, nílé rẹ̀. Òyà tó yan gbẹ kọ́ ló ń pa wá.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni tilé wa wá dé. Ọjọ́ 16, oṣù kejì, 2020, a sọ lórí pẹpẹ pé Kòrónà tó wà ní Ṣáínà kò ní mọ ọ̀nà ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àmín yín lágbára lọ́jọ́ náà! Ọjọ́ méjìlá péré, ní ọjọ́ 28, ìjọba kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà. Ará Ítálì kan tó gba pápákọ̀ Èkó wọlé. Ibo ló lọ? Ẹwẹ́kọrọ̀. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ láti 1960, ojú ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ sí Ifọ̀ àti Èkó. Ní gbogbo Nàìjíríà, àgbàlá Ẹ̀gbá ló yà sí. Ẹnì kejì tí wọ́n rí, ní ọjọ́ 9, oṣù kẹta, Ẹwẹ́kọrọ̀ náà ló ti bá a pàdé. Àwọn méjèèjì rí ìwòsàn.

Ara àdán ni wọ́n ti rí àwọn fáírọ́ọ̀sì tó jọ ti Kòrónà jù lọ, ní Ṣáínà àti Laos. Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ èèyàn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Èyí tí inú wa fi máa ń dùn ni pé, ìgbà tí wọ́n fẹ́ mọ irú èyí tí ará Ítálì yẹn gbé wá, Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ni wọ́n gbé e lọ, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àtàwọn èèyàn rẹ̀ ka gbogbo àmì inú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo Áfíríkà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì dá sílẹ̀ ni o. Owó ìdámẹ́wàá àti ọrẹ àwọn ìyá olóúnjẹ wà nínú irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ọjọ́ Ìsinmi ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé jọ́sìn. Ìtòrí ló ń gbé, kò sí nǹkan kan tó pa òun àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì pọ̀. Ó jókòó sí àga kẹta níwájú. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ dìde. Èyí tó wà lósì náà dìde. Kí orin ìyìn tó parí, òun nìkan ló ku lórí bẹ́ǹṣì yẹn, áṣà wá fọwọ́ pè é pé kó bọ́ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwa rí i láti orí pẹpẹ. A ń kọrin lọ.

Lóṣù kan lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn pa mọ́ gbogbo wa. Ààrẹ Buhari kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Abuja àti Ògùn. Tiwa ní Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3, oṣù kẹrin. Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 12, àwa àti ìyàwó àtàwọn ọmọ nìkan la jọ jọ́sìn ní pálọ̀, fóònù dúró sórí àkópọ̀ ìwé. Àwọn ará wa ní Ifọ̀ àti Àgbàdó kò tilẹ̀ rí oorun sùn, wọ́n ń dáná sun táyà lójú títì, wọ́n ń ṣọ́ àwọn ọlọ́ṣà. Ó di oṣù kẹjọ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣí padà. A bínú, ẹ ò ní purọ́ mọ́ wa pé a ò bínú. A ní wọ́n ṣí ọjà, wọ́n ti ilé Ọlọ́run.

Kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án 1918, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ogun Àdùbí kò tíì gbẹ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, àrùn kan tún bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, ó bá rélùwéè gòkè wá. Lùkúlùkú ni àwọn àgbà pè é, orúkọ àìsàn adìẹ. Àsìkò yẹn ni àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà, J. B. Ṣadáre, Sophia Ọdúnlámì àtàwọn mìíràn. Láti ibẹ̀ ni ìràn Aládùúrà ti ṣàn wá, àwa náà sì mu nínú odò yẹn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì kọ oògùn. Ọ̀pọ̀ wa jogún méjèèjì pọ̀.

Nínú kónílé-ó-gbélé yẹn la tún ka Númérì orí 12. Ẹ̀tẹ̀ mú Míríámù. Mósè gbàdúrà fún un, ta ni wòlíì tó ju Mósè lọ? Síbẹ̀ ọjọ́ méje ni Míríámù fi wà lẹ́yìn ibùdó. A ti máa ń wàásù ibẹ̀ yẹn. Ohun tá ò rí tẹ́lẹ̀ ni ìparí ẹsẹ 15: àwọn èèyàn kò ṣí kúrò títí wọ́n fi mú un padà wọlé. Gbogbo Ísírẹ́lì, àwọn ọmọdé, àgùntàn, àgọ́, gbogbo rẹ̀ dúró de ẹnì kan tó wà níta. Ojú ọ̀dọ́kùnrin ará Ìtòrí yẹn ló wá sí wa lọ́kàn, òun àti Ìyá Ọlọ́yà. Àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ ní ẹ̀tẹ̀ kankan.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ti dárí jì wá, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin báyìí. Ìyá la pàdé ní ọjà Kútọ̀ ní 2021. Ó kúnlẹ̀ kí wa bí ó ti máa ń ṣe. A ní a ò rí i mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Pásítọ̀, òyà tí mo gbé wá ní ìkórè ọdún tó ṣáájú ọdún yẹn, ṣé ẹ dà á nù ni, àbí ẹ jẹ ẹ́?" A ní a jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó gbé igbá rẹ̀, ó ń lọ. A bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà lórí fóònù, ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ìjọ la ti ṣẹ̀ ẹ́, kò sì sí ìgbà kan tá a ti bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ìjọ. Ìyá wa, bí àwọn ọmọ bá ka èyí fún yín: a ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá.

Ní ti àjà, báyìí la ṣe máa ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa dáná, kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ mú òòbẹ̀ kankan. Káfíńtà ti wá wò ó, ó ní wọ́n ṣì ní ọmọ tí kò tíì lè fò, bí a bá dí ihò báyìí, wọn á kú síbẹ̀, wọn á sì jẹrà lé wa lórí. A máa dúró títí àwọn ọmọ á fi gbó. Lẹ́yìn náà, nírọ̀lẹ́, tí gbogbo wọn bá ti jáde lọ wá oúnjẹ, a máa dí àwọn ihò náà díẹ̀díẹ̀, a máa fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èyí tó bá ṣẹ́ kù, a ó sì dí ìyẹn ní ìkẹyìn. Àwọn tó máa gbá ìgbẹ́ wọn á wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, wọn á sì fi omi rin ín kí wọ́n tó gbá a, kí eruku rẹ̀ má baà fẹ́. Títí dìgbà náà, abẹ́ ìbòòrùn níta la ó ti máa ṣe ìṣọ́ òru. Ẹ mú aṣọ òtútù dání.

Ọ̀dọ́kùnrin wa ti gba abẹ́rẹ́ méjì, ó ku ìyókù. Ara rẹ̀ le. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa àti àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta ń lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn ní 2014, tó fẹ́ bá wa lọ, kó pe ọ́fíìsì ìjọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la máa gbéra.